Obìnrin Tó Ni Ìgbín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án, 2007

Mo ti tẹ bọ́tìnnì pupa náà. Iná kékeré ojú rẹ̀ ti tàn, ó yẹ kó máa gbọ́ mi. Rẹ́kọ́dà Bàbá Modúpẹ́ ni. Òun ló fi ń gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi ní Ìkirè, ní ọdún mẹ́sàn-án tó fi dá wà ní ìlú yìí kí n tó dé. Mo máa ń jókòó ti ohùn yẹn bí ẹni tó ń yáná. Nísinsìnyí èmi náà ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo ń fi í ránṣẹ́ sí. N kò mọ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Kó má fi ṣúgà sí i.

Ó kú ní oṣù Kẹta. A sin ín. Ìyẹn ti parí.

Ohun tí kò parí ni Ìgbín. Ọkọ̀ rẹ̀ ni — àwọ̀ rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín, kò sì yára ju ìgbín lọ. Ó wà nínú ọgbà níbí ní Hyattsville, lábẹ́ igi kan tó ń gbọn ewé lé e lórí. Láàárọ̀ yìí wọ́n lẹ ìwé aláwọ̀ ọsàn mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀. Sherifat ló kà á fún mi — Sherifat ará Ìsẹ́yìn, tó gba yàrá Zoe ọmọ-ọmọ mi láti ìgbà tí Zoe ti lọ yunifásítì. Ìwé náà ní nọ́ńbà ọkọ̀ ti kú láti ìparí oṣù tó kọjá. Bí kò bá ní tuntun títí di ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, àwọn tó ni ọgbà á gbé e lọ. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Modúpẹ́ ọmọ mi ní kí wọ́n gbé e. "Mọ́mì, ta ló fẹ́ wà á?" Sherifat ní láísẹ́ǹsì. Sherifat á wà á, èmi á jókòó. Láti oṣù Kẹta, ọ̀dọ̀ dókítà àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo ń lọ, ìyẹn bí Modúpẹ́ bá ráyè. Adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ sàn jù mí lọ, ó ṣáà mọ ibi tí okùn rẹ̀ gùn dé. Mo ti sọ ọ́: ọkọ̀ yẹn kò ní kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

A lọ sí ọ́fíìsì mọ́tò, èmi àti Sherifat, bọ́ọ̀sì méjì. Mo ti sọ ibẹ̀ ní Ilé Ìjókòó. O wọlé, ẹ̀rọ kan pọ ìwé pélébé sí ọ lọ́wọ́, o jókòó. Ohùn obìnrin kan ń bẹ nínú àjà, kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Á pe lẹ́tà kan, á pe nọ́ńbà kan. Ẹnì kan á dìde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, á lọ, kò ní padà sí àga rẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù á sún. Iná funfun, kò sí fèrèsé, o kò mọ̀ bóyá òòrùn ṣì wà níta. Lójú mi, bí ẹnu bodè ọ̀run ṣe rí nìyẹn. Kò sí iná àjóòkú, kò sí orin. Àga ike lásán.

Ọkùnrin kan níwájú wa ti wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ń ròyìn ara rẹ̀ fún gbogbo ilé. Wọ́n ní kó mú ìwé owó iná wá, ó mú un wá. Wọ́n ní orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló wà lórí ìwé iná, ó mú ìyàwó wá. Wọ́n ní kí ìyàwó mú ìwé ìgbéyàwó wá. Ìyàwó jókòó tì í, ó ń sùn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí ohùn pè wá, obìnrin kan ló wà lójú fèrèsé. Ó kun èékánná rẹ̀ ní búlúù bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Èékánná-Aró ni mo ń pè é. Ó béèrè orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ní Bàbá Modúpẹ́. Sherifat ní, "Ìyá, orúkọ wọn gan-an." Mo ní ṣé o ti gbọ́ ibi tí obìnrin ti ń la orúkọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí rí? Èékánná-Aró ti tẹ Bàbá Modúpẹ́ sínú ẹ̀rọ ní tirẹ̀. Ó ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Maryland. Sherifat wá yọ ìwé ikú jáde, ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ. Èékánná-Aró wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ní ẹ̀dà ni, ká lọ mú ojúlówó wá.

Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé mo wá. Mo tẹ àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò mi yìí, tí àdá là láàárín nígbà tí mo ń fọ́ kòkó lọ́mọdé, ìwé tó ti tẹ̀ kò lóǹkà. Ìwé físà. Ìwé ọsibítù. Oríṣiríṣi ìwé tí Bàbá Modúpẹ́ máa ń gbé wá síwájú mi. N kì í béèrè. Ó ní tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹsẹ̀ mi wú. Kò sí ohun mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Eyínfúnjowó wá láti Temple Hills lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò Bàbá Modúpẹ́ ni. Modúpẹ́ ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Akínwùmí. Èmi bá a nílé ọkọ, n kò lè máa pè é lórúkọ, ni mo fi sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó nígbà tó wà lọ́mọdé. Eyín náà ti dín.

Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹran, ó nu ẹnu.

"Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ìyàwó ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Títí dòní kò mọ orúkọ mi, kò sì béèrè rí.

Mo ní ó wà lábẹ́ igi.

Ó ní ohun ẹ̀gbọ́n, ohun àbúrò ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pín ogún nílé wọn nìyẹn.

Mo ní mo mọ bí ẹ ṣe ń pín in. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn àgbà kú, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ jáde kí ẹkún tó tán lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò pàápàá. Bàbá Modúpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan. Kò jẹun fún ọjọ́ méjì.

Eyínfúnjowó fi igi ta eyín. "Ẹ má bínú o. Àbí ẹ rò pé ẹ mọ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe ní ìlú yìí kí ẹ tó dé?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Modúpẹ́ sínú àwo. Mo rí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ilé Ìjókòó lẹ́ẹ̀kejì. Ojúlówó ìwé ikú wà nínú báàgì Sherifat. Wákàtí méjì àti ààbọ̀. Mo tòògbé, ohùn inú àjà sì tẹ̀ lé mi wọnú oorun. Ó ń ka kòkó lórí igi, ó ń ka ẹyẹ, ó ń ka àwọn tó ti kú ní Ìkirè, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Èékánná-Aró tẹ nọ́ńbà ara Ìgbín sínú ẹ̀rọ. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó wò mí — ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò mí. Ó sọ̀rọ̀ fún Sherifat, Sherifat kò tètè sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Sọ ọ́," mo ní. "Etí mi kì í ṣe ẹyin."

"Ìyá, wọ́n ní ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti Bàbá."

"Ti ta ni?"

"Obìnrin kan ni. Wọ́n ní kò tíì kú ní tiwọn níbí. Òfin ò gbà kí wọ́n sọ orúkọ ẹ̀ fún wa. Kó wá fúnra ẹ̀."

Èékánná-Aró ti ìwé ikú padà sí wa lábẹ́ gíláàsì. Ohùn inú àjà ti ń pe ẹlòmíràn.

A wọ bọ́ọ̀sì padà. Òjò winniwinni. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá, obìnrin ló ń wà á.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo lọ jókòó sínú Ìgbín lọ́sàn-án, bí mo ti máa ń ṣe. N kì í lọ sunkún o. Àga rẹ̀ gba ẹ̀yìn mi ju ti pálọ̀ lọ. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó. Iwájú ni ibi báàgì rẹ̀, àtìgbà tó ti wà láyé. Inú ọkọ̀ ṣì ń rùn bí orógbó àti ìpara orúnkún rẹ̀.

Mo na ọwọ́ gba àárín àga, mo ṣí àpótí kékeré iwájú. Ìwé pélébé kan wà nínú ọ̀rá. Àmì tó wà lára ògiri Ilé Ìjókòó wà lórí rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà náà orúkọ á wà níbẹ̀. Mo di orúkọ obìnrin yẹn mú lọ́wọ́ mi báyìí, mo ń wò ó bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ìwé ìròyìn. Mo mọ òǹkà, mo ka àwọn lẹ́tà náà. Márùn-ún. Àyè. Mẹ́jọ.

Bí mo bá fún Sherifat, Sherifat á mọ̀. Bí mo bá fún Modúpẹ́ — bàbá rẹ̀ ni. N kò ní fi bàbá hàn ọmọ.

Mo ká ìwé náà, mo fi há ìdí ìró mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ó ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ ń dún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lálàá. Odò Fort Washington ni, níbi tó máa ń gbé mi lọ wo omi ní Sátidé. Ìgbín ń lọ lójú omi, kò rì, kò sì yára. Bàbá Modúpẹ́ ló ń wà á. Èmi wà lẹ́yìn. Obìnrin kan jókòó síwájú, níbi báàgì. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo rí, ọrùn ọ̀dọ́, àti irun òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, òróró ṣì ń dán níbẹ̀. Mo fẹ́ pè é kó yíjú. Kí ni n bá pè é? N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìkùukùu bo ẹ̀bá odò. Àwọn ènìyàn jókòó létí omi lórí àga ike, wọ́n tò lọ súà.

Ohùn ẹni àjà wá pe nọ́ńbà kan lójú ọ̀run. Obìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀ sórí omi, ó ń rìn lọ. Mo wo ọwọ́ mi. Nọ́ńbà tí wọ́n pè ló wà nínú rẹ̀.

Mo jí. Mo mu omi. Mo sùn padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

N kò gbọ́ ìwàásù. Obìnrin ni mo ń wò. Èyí sanra jù, kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Èyí ń pariwo, kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Túndùn, opó tó máa ń jókòó ní ìlà kẹta — ọrùn rẹ̀ gùn.

Mo délé, mo bi Sherifat: lẹ́tà mélòó ni Túndùn?

"Mẹ́fà, Ìyá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ kọ́ ìwé ni.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti lọ ra pẹ́ńsùlù fún mi. Ọmọ dáadáa ni, ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá

Modúpẹ́ jókòó tì mí kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù. Ó di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kéèyàn máa tú."

"Kí lo mọ̀?"

"N ò mọ nǹkan kan."

Òkè àjà ló ń wò. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń purọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo ní kí Sherifat mú mi padà lọ, kí n bẹ Èékánná-Aró pé kó bá mi pe obìnrin náà, n kò ní bá a jà. A débẹ̀. Títì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Sherifat ní ìsinmi ìjọba ni, ti ọkùnrin kan tó fi ọkọ̀ ojú omi ṣìnà láyé àtijọ́. Ó ṣìnà, wọ́n fi ìsinmi dá a lọ́lá. Èmi kò ṣìnà, mi ò rí nǹkan kan gbà.

Síbẹ̀ ènìyàn mẹ́fà ti tò sí iwájú ilẹ̀kùn títì. Wọn kò kànkùn, wọn kò sọ̀rọ̀. A tò sẹ́yìn wọn fún ìgbà díẹ̀ kí a tó lọ. Ó ti mọ́ wa lára.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Ọ̀la ni wọ́n dá. Eyínfúnjowó ti tẹlifóònù: òun ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀, ká má jẹ́ kí ohun ẹ̀gbọ́n òun ṣòfò.

Mo ń rẹ́ ilá nínú kíṣìnnì nígbà tí Modúpẹ́ ti ibiṣẹ́ dé. Ọ̀bẹ bọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Mọ́mì, kí ló ń dún lára yín?"

Ó ti sú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń rìn bí ẹni tó gbé àkekèé há ìdí. Mo fà á yọ, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní orúkọ obìnrin bàbá rẹ nìyẹn.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó sáré wọ yàrá rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú àpòòwé kan. Ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti oṣù Keje. Ọ́fíìsì mọ́tò ló kọ ọ́ wá, pé kí ẹni tó ni Ìgbín wá ra nọ́ńbà tuntun. Ó rí orúkọ obìnrin lórí rẹ̀, ó gbé e pamọ́ kí n má bàa rí i. Kí èmi tí n kò mọ̀wé má bàa rí i! Ohun tó pa nọ́ńbà ọkọ̀ nìyẹn. Ọmọ mi ń fi bàbá pamọ́ fún mi, èmi ń fi bàbá pamọ́ fún un, Ìgbín jókòó lábẹ́ igi ó ń wò wá.

Ó ń sunkún. "Orúkọ ilé wa ló ń jẹ́, Mọ́mì. Bí ẹni tí wọ́n gbé níyàwó."

"Kà á."

"Kò wúlò."

"Modúpẹ́. Kà á."

Ó kà á. Àwẹ̀ró Oyèníran.

Mo dáhùn. N kò rò ó kí n tó ṣe é. Mo ní "Oo!" bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ilá dà sílẹ̀.

Modúpẹ́ wò mí. "Mọ́mì, ta ni Àwẹ̀ró?"

Ọmọ wo ló ń béèrè orúkọ ìyá rẹ̀? Mọ́mì ni mí. Lójú àwọn ènìyàn, Ìyá Modúpẹ́ ni mí. Nínú pásípọ́ọ̀tù, Dọ́káàsì ni mí, àlùfáà ló fún mi nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún mi. Àwẹ̀ró ni ìyá mi ń pè mí. Ìyá mi kú nígbà tí oyún Modúpẹ́ wà nínú mi. Láti ìgbà náà ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, kì í sì í pè é bí ilẹ̀kùn kò bá tì.

Mo jókòó sórí àpótí. Mo ti ń jowú obìnrin yẹn. Mo ti wo ọrùn rẹ̀ lójú àlá.

Mo wá rántí Bàbá Modúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń kọjá lórí àwọn ènìyàn. Tí ó dákẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ lè wá Ìyá Modúpẹ́ rí, wọ́n lè wá Dọ́káàsì rí. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí Àwẹ̀ró?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Modúpẹ́ kò lọ síbi iṣẹ́. Ilé Ìjókòó. Èékánná-Aró gbé pásípọ́ọ̀tù mi sí ọ̀tún, ó gbé ìwé inú ọ̀rá sí òsì. Dọ́káàsì nìyí, Àwẹ̀ró nìyí. Ó ní ènìyàn méjì ni. Ta ló lè jẹ́rìí pé ọ̀kan ni?

Mo ní kí Modúpẹ́ sọ fún un: ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìwé ikú rẹ̀ ló wà níwájú rẹ yẹn.

Ó dìde, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó pẹ́. Ó mú ọ̀gá wọn wá, bàbá kan tó pá lórí, tí dígí wà lórí imú. Bàbá Dígí tẹ ẹ̀rọ títí, ẹ̀rọ tú ìwé kan jáde — ìwé tí wọ́n fi ra Ìgbín ní 2003. Níbi tó yẹ kí ẹni tó ni ín kọ orúkọ sí, kò sí ìkọ̀wé. Àtàǹpàkò ni. Dúdú, pẹ̀lú ojú àpá kan tó là á kọjá bí ọ̀nà ṣe ń la oko.

Ó yọ sí mi lójú. Ilá ni mo ń rẹ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ọwọ́ mi ń yọ̀. Bàbá Modúpẹ́ fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu àtàǹpàkò mi, ó nu ún dáadáa, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo ní kí ni mo ń tẹ̀? Ó ní ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Mo padà sídìí ilá mi.

Mo gbé àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì. Bàbá Dígí gbé ìwé mọ́ ọn láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó wò ó. Ohùn inú àjà pe ènìyàn mẹ́ta, a kò gbọ́. Ó ti yíǹkì òǹtẹ̀ sí mi kí n tẹ òmíràn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà bọ́ sórí ọ̀nà.

Modúpẹ́ túmọ̀ ohun tó sọ. Ó ní òun kì í ṣe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n òun ní ojú. Ó ní ọdún méjìlélógún lòun ti wà níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń gbé ìwé wá láti fi hàn pé àwọn ni. Òun kò tíì rí ẹni tó gbé ara rẹ̀ wá rí.

Wọ́n gba owó wọn ṣá. Wọ́n fún wa ní bébà kékeré kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Ìgbín, kò tó èékánná. Nígbà tí a ń lọ, Èékánná-Aró pè mí. Ó pe Àwẹ̀ró bí ẹni tí òkèlè há lọ́fun. Mo dá a lóhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Eyínfúnjowó dé pẹ̀lú ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Ó rí bébà tuntun náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka pa á.

"Ìyàwó wa, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?"

"Àwẹ̀ró."

"Ta ni Àwẹ̀ró?"

"Ẹ lọ bi ẹ̀gbọ́n yín."

Ó wò mí, ó wo Modúpẹ́. Modúpẹ́ ń wo òkè. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ lọ lófìfo, ṣéènì rẹ̀ ń dún títí ó fi yà ní kọ́nà.

Lọ́sàn-án mo lọ jókòó sínú Ìgbín. Ewé ti bo gbogbo gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ó dà bí ẹni pé mo wà nísàlẹ̀ odò. N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Ó yẹ kó sọ fún mi. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ló dé tí kò lè sọ gbólóhùn kan sí mi létí?

Sherifat ní òun ń wá kọ́kọ́rọ́ bọ̀, òun máa gbé mi lọ wo omi. Kó tó jáde, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ti ilẹ̀kùn. Mo pe orúkọ Bàbá Modúpẹ́. Odindi rẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. N kò tẹ bọ́tìnnì pupa nígbà náà. Kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí.

Mo dúró díẹ̀. Kò dáhùn.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo bọ́ sí ibi báàgì. Mo de bẹ́líìtì.